Kì í Ṣe Afòmọ́

Nínú kíláàsì ìtumọ̀, wọ́n ní kí kálukú wa ṣẹ̀dá orúkọ fún ohun kan tí Yorùbá kò ní orúkọ fún. Lobaria pulmonaria ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Lichen ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú rẹ̀. Ara igi ló ń gbé nínú igbó àtijọ́ tó lọ́rinrin, bíi ti ìwọ̀-oòrùn Scotland. Bí òjò bá pa á, á tutù yọ̀yọ̀ bí ẹ̀fọ́. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á gbẹ bíi bébà. Ojú rẹ̀ ní kòtò àti gegele, bíi fùkù tí alápatà tẹ́ sórí tábìlì. Àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ rí ìjọra yìí, ni wọ́n bá ń fi ṣe oògùn àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi mọ́ pé àwa nìkan là ń wo ìrísí ewé ká tó fi ṣe oògùn.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ “afòmọ́ fùkù”, ká lè tètè lọ jẹun. Mo kọ̀. Afòmọ́ máa ń ti gbòǹgbò bọ igi lára, á máa fa omi ara rẹ̀ mu. Èyí kàn fi igi ṣe ìjókòó ni. Kì í tilẹ̀ ṣe ewé. Nǹkan mẹ́ta ló para pọ̀ di ọ̀kan: ọ̀kan láti ìdílé olú, òun ló kọ́lé, èkejì, ohun tín-ín-tín aláwọ̀ ewé, mọ̀lẹ́bí èyí tó ń mú àgbàlá yọ̀ lásìkò òjò, ń fi oòrùn se oúnjẹ, ẹ̀kẹta, bakitéríà tó ń jẹ́ Nostoc, ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́ wọlé.

Lọ́dún 1869, Simon Schwendener, ará Switzerland, kọ ọ́ pé nínú lichen, olú ni ọ̀gá, àwọn aláwọ̀ ewé sì ni ẹrú rẹ̀. Inú bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ lichen nígbà náà, wọn ò gbà pé ẹ̀dá méjì ni. Ohun tó ń bí èmi nínú ni ọ̀rọ̀ ẹrú yẹn. Ṣé ẹni tó ń dáná nínú agbo ilé ni ẹrú? “Àjọgbé fùkù” ni mo kọ.

Èéfín imí-ọjọ́ láti inú èédú ti pa á run ní ọ̀pọ̀ ibi ní England. Ní Scotland, igi ash wà lára àwọn tó fẹ́ràn láti gbé, àrùn kan tí wọ́n rí ní Bìrìtìkó lọ́dún 2012 sì ń pa igi náà. Bí igi bá wó, àjọgbé fùkù á bá a lọ, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló pa á.