Ọ̀ta Ayò, Òpè Póka

Ní àdúgbò tí mo gbé dàgbà, àwọn tó lè jẹ mí ní ayò kò pọ̀. Mo mọ bí a ṣe ń kó ọmọ ayò jọ sínú ilé kan ṣoṣo títí yóò fi di odù, mo sì mọ bí a ṣe ń dákẹ́ de ẹnìkejì títí tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi ṣòfo. Sùúrù ni mo fi ń jẹ wọ́n. Nítorí náà, nígbà tí àwọn akẹgbẹ́ mi ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kọ́ mi ní póka, mo rò pé ọpọ́n lásán ni wọ́n pààrọ̀ fún mi.

Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí a bá ti fi ojú ewé tó kẹ́yìn ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé, àwa mẹ́fà a jókòó yí tábìlì kan ká. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni oníkálukú ń mú wá. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Texas Hold'em ni a ń ta. Káàdì méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà, tí ojú ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ tó. Márùn-ún mìíràn ni a ń ṣí sí àárín tábìlì fún gbogbo wa, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan tó kẹ́yìn. Kí a tó ṣí wọn àti lẹ́yìn tí a bá ṣí wọn ni a ń fi owó lélẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi owó sílẹ̀, o lè san iye kan náà, o lè fi kún un, o sì lè ju káàdì rẹ sílẹ̀ kí o túúbá.

Èmi kì í fi kún un. Sísan ni tèmi. Iṣẹ́ ìròyìn ti bà mí jẹ́: n kò lè fara dà á kí ìtàn kan parí láìjẹ́ pé mo mọ òpin rẹ̀. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ èrè àti àdánù mi sí. Nínú alẹ́ 23, mẹ́rin péré ni mo mú èrè lọ sílé.

Ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá Fọ́tò, ló là mí lójú. Wọ́n ti ń ta póka kí n tó mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní, “Àbúrò, ìwọ kì í ta póka. Ìwé ìròyìn lò ń rà: ò ń sanwó kí o lè ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe.”

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹni tó ń san lásán lè gbà jẹ, ìyẹn ni kí káàdì rẹ̀ dára ju ti gbogbo èrò lọ. Ọ̀nà méjì ni ẹni tó fi owó kún owó ní: káàdì rẹ̀ lè dára jù, ẹnìkejì sì lè túúbá. Ká ní ẹgbẹ̀rún kan náírà ló wà ní àárín tábìlì, tí mo sì fi ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀ pẹ̀lú káàdì tí kò já mọ́ nǹkan kan. Bí ẹnìkejì bá ń túúbá ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀méjì, n kò pàdánù kọ́bọ̀. Bí ó bá ń túúbá jù bẹ́ẹ̀ lọ, èrè ni. Ká sì ní èmi ni káàdì mi dára lẹ́yìn tí wọ́n ṣí mẹ́ta àkọ́kọ́, tí ẹnìkejì ti ní mẹ́rin tí ẹ̀yà wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tó wá ń wá ẹ̀karùn-ún. Nínú 47 tí kò tíì rí, mẹ́sàn-án ló lè ràn án lọ́wọ́. Ó yẹ kí ó sanwó gidi kí ó tó wo èyí tó kàn. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo ti ń fi hàn wọ́n fún oṣù mélòó kan.

Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ayò ló ṣì mí lọ́nà. Gbogbo ọmọ ayò 48 ló wà ní gbangba lójú ọpọ́n. Kò sí ẹni tí o lè fi ohun tí kò sí dẹ́rù bà. Ní ìdí póka, owó tí o fi sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wo ìdíje àgbáyé ti ọdún 2003 ní Las Vegas. Akọ̀wé ìṣirò owó kan láti Tennessee, Chris Moneymaker, kojú Sammy Farha, ògbóǹtagí tó ti pẹ́ nídìí tẹ́tẹ́. Farha ní káàdì 9 méjì. Moneymaker kò ní nǹkan kan ju Ọba kan lọ. Gbogbo ohun tó ń wá ni kò rí. Ó ti gbogbo owó rẹ̀ síwájú. Farha ronú títí, ó sì túúbá. Moneymaker ló gba mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là. Àwọn òǹwòran tẹlifíṣọ̀n rí káàdì méjèèjì, torí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé ìgboyà lásán ti tó.

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ní Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo ń fi owó kún owó bí ẹni tí wọ́n fi èpè ránṣẹ́ sí. Olóòtú eré ìdárayá ni mo dojú kọ, ó sì ń san, ó ń san. Nígbà tí ẹgbẹ̀rún márùn-ún mi tán, mo fa owó mọ́tò tó ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ yọ nínú àpò kejì. Ìyẹn náà lọ. Ìyàwó mi kò pariwo. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó kàn béèrè bóyá kí òun sọ fún awakọ̀ pé kó má wá mọ́.

Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Fọ́tò ni mo ti yá owó náà. Wọ́n ka owó fún mi tán, wọ́n ní, “Ta lò ń dẹ́rù bà? Ọkùnrin yẹn kò túúbá rí. Káàdì gidi nìkan la fi ń gba owó lọ́wọ́ irú wọn.”

N kò tún mú ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ síbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pín káàdì fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo ń ju méje tàbí mẹ́jọ nù láìwo ẹ̀yìn. N kò dúró de Éèsì méjì o. Ẹ̀ẹ̀kan nínú 221 ni ìyẹn ń wá, ilẹ̀ á mọ́ bá ọ. Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá dì mú, mo ń fi owó tì í lẹ́yìn, mo sì ń wo ẹni tí mo ń fi owó náà bá sọ̀rọ̀. Èyí tó nira jù fún mi ni kí ẹnìkan túúbá kí káàdì rẹ̀ sì bọ́ sáàárín ìyókù láìjẹ́ pé mo rí i. Nínú alẹ́ 20 tó tẹ̀ lé e, mo jẹ 11.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Bọ̀dá Fọ́tò fi ẹgbẹ̀rún méjì sílẹ̀ lẹ́yìn káàdì tó kẹ́yìn. Ọba àti Ayaba ló wà lọ́wọ́ mi, wọn kò sì bá ohunkóhun mu lórí tábìlì. Mo ti gbogbo ẹgbẹ̀rún mẹ́fà mi síwájú. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Àbúrò, ṣé o ní in?” N kò fèsì. Wọ́n da káàdì wọn dojú bolẹ̀.

Mo bá wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́. “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ mú?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gun ọ̀kadà, wọ́n lọ. Ọdún mélòó kan ti kọjá, èmi náà ti fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìgbàkígbà tí a bá pàdé ni mo ń béèrè, wọn kò tíì sọ fún mi.