Kì í Ṣe Ogbó

Ní Yoko, lábẹ́ Sakété ní ilẹ̀ Benin, gàrí yíyan àti epo pupa sísè ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń tọ́ ọmọ. Wọ́n fi tọ́ èmi náà. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ wa. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, tí àwọn onímọ̀ ń wá ohun tí yóò mú igi so dáadáa. Èémí obìnrin tó ń se epo náà tó ohun tí à ń wádìí.

Ẹ wo ìyá tó wà nídìí agbada gàrí. Ìhá ẹyìn ló fi dáná, igi tí kò tíì gbẹ ló kì bọ ààrò. Ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ iná, ó di ojú kan, ó ń fi awẹ́ igbá ro gàrí síwá sẹ́yìn kó má baà jó. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Èéfín tí ìyá ń fà símú, ọmọ náà ń fà á.

Àbúrò ìyá mi kan ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti kékeré. Lọ́jọ́ kan, ó gbé omi láti ìdí kànga, kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi sọ ọ́ kalẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, tí èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ jókòó ná.”

“Ogbó ni, ọmọ mi,” ló wí nígbà tí èémí padà.

Kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dùn mí jù. Ẹni tí kò fi sìgá kan ẹnu rí ni àrùn tí a rò pé ti amusìgá nìkan ni ń bá fínra, ogbó la sì ń dá lẹ́bi, a ò gbé e lọ síbì kankan.

Àwọn dókítà tó ń sọ Faransé ń pe àrùn náà ní BPCO. Bí èéfín bá ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ́dọọdún, àwọn ọ̀nà kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń gbà á wú, wọ́n á fún, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á pọ̀, àwọn àpò wínníwínní tó wà lópin wọn á sì máa bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ á wọlé, àtijáde rẹ̀ á wá di wàhálà. Èyí tó bàjẹ́ kì í padà sípò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.5 èèyàn ní 2021.

Kí ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò bóyá ikọ́ fée ni. Bí kì í bá ṣe òun, ẹ̀rọ kan wà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ tagbáratagbára, tó ń wo ìwọ̀n tó jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́. Ìwádìí àgbáyé kan lórí àrùn yìí, tí wọ́n ń pè ní BOLD, ti gbé irú rẹ̀ dé Ilé-Ifẹ̀ àti Sèmè-Kpodji, kì í ṣe ohun òkè òkun fún wa mọ́. Àrùn náà kò ṣeé wò tán, àmọ́ oògùn afàsímú ń la ọ̀nà èémí. Ohun kan sì wà tí kò gba owó: ká fa èémí gba imú, ká ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé, ká wá tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Màmá ti ń ṣe é bó bá ń bọ̀ láti kànga.

Ti dídín èéfín fúnra rẹ̀ kù ńkọ́? Ní Màláwì, wọ́n pín ààrò tí èéfín rẹ̀ kéré fún ọ̀pọ̀ ilé. Èsì tó jáde ní 2017 fi hàn pé òtútù àyà àwọn ọmọdé kò dín kù. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ààrò ilé kan kò tó, nígbà tí èéfín aládùúgbò àti ti pàǹtí tí à ń sun ṣì ń wọlé tọ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹgbẹ́ àwọn onígàrí. Mo bẹ̀ wọ́n kí agbada kúrò nínú ilé tí kò ní fèrèsé, kí igi gbẹ kó tó wọ iná, kí wọ́n fi amọ̀ mọ ògiri sáàárín iná àti ẹni tó jókòó, kí ọmọ má sì sí lẹ́yìn ìyá nídìí ààrò. Owó àjọ wọn lè ṣe é, òun náà ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́.

Ìyá alága bi mí pé èló ni ògiri náà máa jẹ. Mo ti ń bá bírikìlà sọ̀rọ̀.