Ẹrù Kì í Ṣe Olè

Lọ́jà Mile 12 ni ọmọ mi ti sọ fún ìyá oníṣu pé, "Màmá, ẹ bá wa de ẹrù yìí." Ìyá náà rẹ́rìn-ín: "Olè là ń dè, ọmọ mi. Ẹrù, dídì là ń dì í."

Ojú tì mí. Èmi ni mo sọ fún un nílé pé "dè" ni "tie" lédè wa. Ewúrẹ́ ńkọ́? Síso ni, gèlè, wíwé, ìró, ríró. Láti ara "dè" ni "òǹdè" ti jáde, èmi onímọ̀ ẹ̀dá-èdè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀!

Nígbà tí a dé Kétu, ó bi mí nípa okùn bàtà. Mo rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó ní, "Síso."