Bí Ẹ Bá Fẹ́ Wo Sinimá Ní Ìta Gbangba Ládùúgbò Yín

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti aṣọ. Ọ̀rọ̀ sinimá ni, irú èyí tí à ń ta aṣọ funfun fún ní ìta, tí gbogbo adúgbò yóò gbé ẹní àti àga jáde láti jọ wò ó. Bí ẹ bá ń gbèrò irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ṣe tiwa fún yín.

Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Oṣù August 1903 ni a kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó ní Gbọ̀ngàn Glover. Ní 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí ń ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, mọ́tò sinimá sì ń wọ ìletò lọ. Ẹnì kan a máa dúró níbẹ̀, a máa fi èdè ìlú túmọ̀ ohun tí ojú ń rí.

Ẹ lè béèrè pé kí ni a tún ń wá, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n wà nínú ilé, tí fóònù sì wà lọ́wọ́ ọmọdé? Nítorí fóònù náà gan-an ni. Ọmọ kan wà ní yàrá, ó ń wo tirẹ̀. Èkejì wà níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, ó ń wo tirẹ̀. Ìyá kò sì mọ ohun tí èyíkéyìí nínú wọn ń wò. Ohun tí a bá jọ wò ni a lè jọ sọ.

Nígbà tí a dá a lábàá ní adúgbò wa ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, kì í ṣe owó ló kọ́kọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Bàbá kan ní, "Ìyàwó mi kò ní í jókòó sínú òkùnkùn láàárín ọkùnrin nítorí sinimá." Òmíràn ní kí àwọn obìnrin dúró lẹ́yìn pátápátá. Àwa ìyá dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: "Ẹ̀yin bàbá wa, ọ̀rọ̀ yín kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò ní rí nǹkan kan, àwa ni a ó sì máa ṣọ́ àwọn ọmọ tí ẹ tìtorí wọn ṣe é. Ẹ fún wa ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má fún wa ní ẹ̀yìn."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yanjú. A fa okùn sí àárín pápá: obìnrin lọ́tùn-ún, ọkùnrin lósì. Àwọn ọmọdé jókòó lórí ẹní níwájú, àwọn arúgbó sì wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọn. Ọ̀nà àbáwọlé obìnrin dá yàtọ̀, a sì gbé iná síbẹ̀ àti sí ọ̀nà ilé ìtọ̀. Ìyá tí kò tí ì jáde lálẹ́ láti ìgbà tí ó ti bímọ wá, tòun ti ọmọ lẹ́yìn.

Ní ti ọjọ́, àwa Mùsùlùmí ló rọrùn fún jù láti mú un, nítorí oṣù ojú sánmà la fi ń ka ọjọ́. Bí oṣù bá wà ní ọjọ́ 14 tàbí 15, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò mú kí àwòrán ṣá. Bí ó bá ti kọjá ọjọ́ 20, kì í tètè yọ. Nítorí náà ni a ṣe mú Jímọ̀ àti Sátidé, ọjọ́ 21 àti 22 oṣù Rájábù, tí ó bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò kì í sábà rọ̀. A kọ́kọ́ kírun Ìṣáì tán kí a tó tan ẹ̀rọ.

Fíìmù tí a yàn ni The Message, tí Moustapha Akkad ṣe ní 1976. Kò fi ojú Ànábì hàn, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, a kọ́kọ́ ní kí Lèmọ́mù àti ìyá méjì wò ó tán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta, ìyẹn ni a fi dá a sí alẹ́ méjì. Olùkọ́ kan mú gbohùngbohùn, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ẹ rántí pé fíìmù ní olówó. Ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tí ó ni í.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun méjì ni a rán pọ̀. Ẹ nà án dáadáa, kí ẹ sì so ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè sọ ọ́ di ìgbòkun. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí èrò, níbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti gbé èéfín rẹ̀ lọ. Májèlé tí imú kò lè gbọ́ wà nínú èéfín náà, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹ pa á kí ó tutù kí ẹ tó bu epo sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wáyà gba ibi tí ọmọdé ń sáré.

Ẹ má gbàgbé ẹni tí kò wá. Bàbá kan ń ṣàìsàn nítòsí pápá wa. A lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀, a yí ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn kúrò ní ọ̀dọ̀ wọn, a sì parí kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò kò kéré nínú ẹ̀sìn wa.

Kí ẹ sì tó tú ká, kí ìyá kọ̀ọ̀kan ka ọmọ rẹ̀ lábẹ́ iná. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ní ọjọ́ kejì tí a ṣe é tán, ọmọ mi obìnrin jókòó tì mí níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó bi mí ìdí tí Bílálì kò fi sẹ́ Ọlọ́hun nígbà tí wọ́n gbé òkúta lé e láyà. A sọ ọ̀rọ̀ náà títí ẹ̀wà fi jinná. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tí ì wáyé láàárín èmi àti rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti ní fóònù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò yín láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọn kì í sábà rí àyè jókòó. Ìyókù yóò rọrùn. Kí Ọlọ́hun bá wa wo àwọn ọmọ wa. Àmín.