Onílé àti Àlejò

Nígbà èwe mi, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nílé ẹ̀kọ́, « signal » ni wọn a fi kọ́ ọ lọ́rùn. Mo gbé e rí. Nígbà tí mo padà dé ilé wa ní Issaba, n kò lè la ẹnu bá ìyá mi sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo ka ìtàn Henry Townsend, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Abẹ́òkúta, lọ́jọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, ó gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá. 120 owó ẹyọ ni ẹ̀dà kan. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Gẹ̀ẹ́sì tó wọ inú rẹ̀: Yorùbá ni onílé, Gẹ̀ẹ́sì ni àlejò. Ní 1867, àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò nílùú, ìwé náà sì dákẹ́.

Síbẹ̀, Townsend yìí kan náà ni ó tako kí Àjàyí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù. Ó gbé èdè wa ga, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ọmọ elédè jókòó sípò ọlá.

Lónìí, bí ìwé ẹgbẹ́ wa bá dé, apá Yorùbá ni mo kọ́kọ́ ń kà sókè fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Kò sí ohun kan lọ́rùn wọn.