Kí A Tó Wọ Aṣọ Ọ̀gá Ológun

Àwa tí a wà ní ọdún àṣekágbá ń bi ara wa léèrè pé iṣẹ́ wo ló kàn. Àwa mélòó kan ti ń dá a lábàá pé bí a bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán, a ó forúkọ sílẹ̀ láti di ọ̀gá ológun.

Ẹni tí kò ṣe ṣọ́jà rí lè ṣe é. Short Service wà fún ẹni tó gboyè tó sì fẹ́ darí ìjà. Direct Short Service wà fún dókítà, ẹnjinníà, agbẹjọ́rò àti irú wọn. Fọ́ọ̀mù kò ní owó. Ẹni tó bá ní kí ẹ mówó wá, gbájú-ẹ̀ ni. Kì í sì í ṣe ohun tuntun. Emeka Ojukwu ti gboyè ní Oxford kó tó wọṣẹ́ ológun ní 1957. Olúfẹ́mi Olútóyè gboyè ní Ìbàdàn, ó di Major-General, lẹ́yìn náà ó jọba, ó di Aláàní ti Ìdóàní.

Àwọn òbí wa kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ìyá ọ̀kan nínú wa ní Kàdúná ní òun kò fi owó ọjà rán ọmọ níwèé kí ọta ìbọn wá jẹ ẹ́. A kò bá a jiyàn. Láti 2009 ni ogun Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀ ní Borno, àwọn ọ̀gá kéékèèké sì wà lára àwọn tó bá a lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ìràwọ̀ èjìká kìkì nítorí pé iṣẹ́ wọ́n, kó tún un rò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń kọ wá lóminú jù. Ọmọ tó ti ilé ìwé girama wọ NDA ní Kàdúná ń lo ọdún 5. Àkókò tí wọn yóò fi kọ́ àwa kò sún mọ́ ọn. Zaria níbí ni wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn ṣọ́jà kéékèèké. Àwọn kan tí a jọ jáde ilé ìwé girama ti gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ti lọ ojú ogun bọ̀. Lọ́jọ́ tí ìràwọ̀ bá dé èjìká wa, àwọn ni yóò máa pè wá ní "sà". Sájẹ́ǹtì tó ti lo ọdún 15 lẹ́nu iṣẹ́ náà yóò dúró ṣánṣán níwájú wa.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìwé tí a kà ni aṣọ tiwa. Ojú ogun tí wọ́n ti rí ni àkísà tiwọn. Lójú tiwa, ẹni tí kò bá lè bi sájẹ́ǹtì léèrè pé, "Baba, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?", kó má wulẹ̀ lọ. Tó bá sì ti bèèrè tán, òun náà ni yóò pàṣẹ, bó bá bàjẹ́, òun ni wọn yóò mú. Ohun tí ìràwọ̀ yẹn túmọ̀ sí nìyẹn.

Àwa mẹ́ta ti pinnu pé a ó gbìyànjú. A ó kọ́kọ́ lọ bẹ ìyá yẹn ná.