Iná dé, ẹ̀rọ jí, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: ta ló rán an?

Ọ̀rọ̀ iná ni mo gbé wá, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́ lójú mi.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ẹgbẹ́ àjọ kan wà ní agbègbè Kétu tó ń fi server tọ́jú àkọsílẹ̀ owó. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì lásán ni wọ́n sọ di server, Linux Debian ló sì wà nínú rẹ̀. Láràárọ̀, kí ọ́fíìsì tó ṣí, ẹ̀rọ náà á wo àkọsílẹ̀, á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì wọlé. Inú gbogbo ẹgbẹ́ dùn sí i.

Wàhálà dé nígbà tí iná ń lọ láti òru. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin tó ń gba owó á kọ orúkọ àwọn tó san sínú ìwé. Bí iná bá dé lọ́sàn-án, á tan ẹ̀rọ. Kó tó ráyè gbé ohun tó wà nínú ìwé sínú kọ̀ǹpútà, fóònù á ti máa dún káàkiri ọjà pé ẹ kò tíì san owó yín o. Ìyá tó san 5.000 fránkì láàárọ̀, tí ẹ̀rọ wá ní kò san lọ́sàn-án, kí lẹ fẹ́ kó rò? Ó ní ọmọ náà ti gbé owó òun jẹ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti ń múra láti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn mìíràn ní ayé ló wà nídìí rẹ̀.

Ọmọ náà sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo kàn tan ẹ̀rọ ni.” Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo ti gbọ́ ti àwọn àgbà, mo ti gbọ́ ti ọmọ, ó wá ku ti ẹ̀rọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ ni ìgbà tó jí. Àṣẹ who -b ló ń sọ èyí, ó sì dáhùn pé 15:02. Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ jáde ní 15:07. Ìṣẹ́jú márùn-ún géérégé! Mo wo ti ọjọ́ kejì tó ṣẹlẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún náà ni. Ọwọ́ ènìyàn kì í dọ́gba báyẹn.

Mo wá wo crontab -l, ibi tí a ń kọ iṣẹ́ àti àkókò rẹ̀ sí. Mo ń wá @reboot níbẹ̀, nítorí ohun tí a bá kọ ọ́ síwájú rẹ̀ á máa ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá jí. Kò sí níbẹ̀. Mo wo systemctl list-timers --all, kò sí ohun tó jọ àtẹ̀jíṣẹ́ níbẹ̀ náà. Ìgbà tí mo ka àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kọ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ journalctl -b, ni mo rí orúkọ ẹni tí a ń wá: anacron. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò ṣe iṣẹ́ cron.daily ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìránṣẹ́ méjì ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Cron dà bí ẹni tó ń lu agogo: bí aago bá lù, á ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá wà ní pípa ní àkókò náà, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Anacron kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe é fún ẹ̀rọ tí kì í wà ní títàn ní gbogbo ìgbà. Ó máa ń kọ ọjọ́ tó ṣe iṣẹ́ kẹ́yìn sínú /var/spool/anacron. Bí ẹ̀rọ bá jí, á wò ó. Bó bá rí i pé òun kò tíì ṣe iṣẹ́ òní, á dúró díẹ̀, á sì ṣe é. Nínú /etc/anacrontab ni wọ́n kọ iye ìṣẹ́jú tí yóò dúró sí: 5 ni ti ojoojúmọ́, 10 ni ti ọ̀sẹ̀. Inú /etc/cron.daily ni wọ́n fi iṣẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ yìí sí, anacron ló sì ń bójú tó o. Kò sí olè, kò sí ayé. Ìránṣẹ́ tó ń san gbèsè iṣẹ́ ni.

Kí àwọn àgbà lè fojú ara wọn rí i, mo yí nọ́ńbà padà kó jẹ́ fóònù tèmi nìkan ni yóò gba àtẹ̀jíṣẹ́. A pa ẹ̀rọ lálẹ́. Lọ́jọ́ kejì a tàn án lójú gbogbo wọn, ọmọ náà sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, fóònù mi dún. Ìyá tó kọ́kọ́ pariwo ló kọ́kọ́ dìde lọ bẹ̀ ẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Mo yọ iṣẹ́ náà kúrò nínú cron.daily, mo kọ ọ́ sínú crontab pẹ̀lú 0 6 * * *, ìyẹn aago mẹ́fà àárọ̀. Bí iná kò bá sí nígbà náà, kò ní sí àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn àgbà ní ó sàn kí ẹ̀rọ dákẹ́ ju kó purọ́ mọ́ ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ owó, mo fi í sílẹ̀ fún anacron, nítorí pé bó ti wù kó pẹ́ tó, ó yẹ kó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú server, ẹ bi ara yín léèrè lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: bí àkókò rẹ̀ bá kọjá, ṣé ó ṣì wúlò? Bí ó bá jẹ́ timer systemd ni ẹ ń lò, ẹ wò ó bóyá Persistent=true wà nínú rẹ̀, nítorí òun náà máa ń san gbèsè iṣẹ́. Ẹ sì wo bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ. Bó bá ti kú, ẹ̀rọ lè jí pẹ̀lú ọjọ́ tí kì í ṣe tòní, gbogbo àkókò á sì dàrú.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ ńkọ́? Kí ẹ tó dá ọmọ ènìyàn lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ sí yín létí. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín rí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí a jọ wò ó.